Ẹ Fi Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Tí Ẹ Mọ̀ Bẹ̀rẹ̀: Gíráàfù Ojú Ọ̀nà Èkìtì Nínú Python

Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń kọ́ Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ní Adó-Èkìtì máa ń bi mí bí wọ́n ṣe lè ya àwòrán nẹ́tíwọ́ọ̀kì, irú èyí tí ó kún fún àmì aláwọ̀ mèremère lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìdáhùn mi kì í tètè dùn mọ́ wọn nínú: ẹ fi àwòrán sílẹ̀ ná, ẹ mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì kékeré tí ẹ mọ̀ dunjú, kí ẹ sì kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀.

Gíráàfù tí à ń wí kò ju àwọn kókó àti ìlà tí ó so wọ́n pọ̀ lọ. Ní ọdún 1736, Leonhard Euler, onímọ̀ ìṣirò, gba ọ̀nà yìí yanjú ọ̀rọ̀ afárá méje ìlú Königsberg. Ó fi hàn pé kò sí bí ènìyàn ṣe lè rin orí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láì tún ọ̀kankan gbà, nítorí pé iye afárá tí ó kan ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba. Gígùn afárá kò kàn án rárá. Èwo ló so mọ́ èwo nìkan ni ó kàn án.

NetworkX, àkójọ irinṣẹ́ Python fún gíráàfù, ni mo máa ń lò. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ti wà níta láti ọdún 2005. Mo fi ìlú mọ́kànlá ṣe kókó, mo sì fi ọ̀nà mẹ́wàá ṣe ìlà. Láti Adó, ọ̀nà kan lọ sí Ìkẹ́rẹ́, òmíràn sí Ìlawẹ̀, òmíràn gba Ìyìn dé Ìgèdè, ẹ̀kẹrin sì gba Ìwòròkò dé Ìfàkì. Ní Ìfàkì ọ̀nà pín: apá kan gba Ìdó lọ sí Ọ̀tùn, apá kejì gba Oyè lọ sí Ìkọ̀lé. Báyìí ni kóòdù náà ṣe bẹ̀rẹ̀:

import networkx as nx
G = nx.Graph()
G.add_edge("Adó", "Ìwòròkò")
G.add_edge("Ìwòròkò", "Ìfàkì")

Bí a bá ka iye ìlà tí ó kan ìlú kọ̀ọ̀kan, Adó ní mẹ́rin, Ìfàkì ní mẹ́ta, Ìyìn àti Ìwòròkò sì ní méjì-méjì. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ pé Ìyìn àti Ìwòròkò dọ́gba lójú onímọ́tò? Ibí ni betweenness_centrality ti wúlò, nítorí pé ó ń wo ìdá àwọn ọ̀nà tí ó kúrú jù láàárín ìlú méjì mìíràn tí ó gba inú ìlú kan kọjá. Adó gba 0.64, Ìfàkì 0.62, Ìwòròkò 0.56, Ìyìn sì gba 0.20 péré.

Ọmọ Èkìtì tí ó bá ti ka ibí yìí yóò ti máa bínú sí mi, nítorí mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ̀nà kan kúrò. Láti Ìgèdè, ènìyàn lè gba Àrámọ̀kọ̀ àti Ìjerò dé Ìdó láì fojú kan Ìwòròkò. Ẹ fi ìlú méjèèjì yẹn àti ìlà mẹ́ta tí ó so wọ́n kún gíráàfù náà, ẹ ó rí i pé Ìwòròkò já wálẹ̀ láti 0.56 sí 0.33. Kọ̀ǹpútà kò ní ta yín lólobó pé ọ̀nà kan kù. Ẹni tí ó mọ Èkìtì ni yóò fura. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà kí olùbẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ lọ gbé dátà ilẹ̀ òkèèrè tí kò mọ̀.

Nígbà tí ẹ bá wá fẹ́ yàwòrán, spring_layout, irinṣẹ́ NetworkX tí ó ń yan ibi tí kókó yóò wà, máa ń fa àwọn kókó tí ó so pọ̀ mọ́ra, ó sì ń ti àwọn tó kù jìnnà síra wọn. Ìkẹ́rẹ́ tí ó wà lápá gúúsù lè bọ́ sókè pátápátá, ó sì lè yí padà bí ẹ bá tún kóòdù náà ṣe, àfi bí ẹ bá fún un ní seed, ìyẹn nọ́ńbà kan tí ó ń jẹ́ kí àwòrán náà máa jáde bákan náà. Nítorí náà, ẹ má ṣe ka ibi tí kókó bọ́ sí sí ẹ̀rí ohunkóhun. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó jọ máàpù, ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ ipò ìlú kọ̀ọ̀kan sínú pos, ìyẹn àkójọ ipò àwọn kókó. Gephi, ètò kọ̀ǹpútà mìíràn fún yíya gíráàfù, lè dúró di ìgbà tí kókó yín bá ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún.