Ìwà Tó Yẹ Àwa Ẹlẹ́ṣin Lójú Ọ̀nà Jíjìn: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ ní Iléṣà

Láàárín àwa díẹ̀ tí a ń gun ẹṣin rìn jìnnà ní agbègbè Iléṣà, etí odò ni mo ti máa ń mọ ẹni tó níwà. Bí ẹṣin mélòó kan bá jọ dé odò lọ́nà oko kòkó, kì í ṣe gbogbo wọn ló ń mu omi lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan lè ti mu yó, kí ó máa fẹsẹ̀ walẹ̀, nígbà tí èkejì ṣì na etí sókè tí ó ń gbóòórùn omi. Bí ẹni tí ẹṣin rẹ̀ ti mu yó bá gbéra, èyí tó kù yóò gbórí sókè, yóò sì tẹ̀ lé e láìmu, nítorí ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Ẹṣin tó ń làágùn nínú oòrùn tí kò mumi wà nínú ewu ńlá: ìfun rẹ̀ lè má ṣiṣẹ́ mọ́, inú rírun sì lè pa á. Nítorí náà, ẹ dúró títí ẹṣin tó kẹ́yìn yóò fi gbẹ́nu kúrò lómi, kí ẹ sì rọra rìn kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó sáré.

Ní ìdíje Tevis Cup, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní California lọ́dún 1955, níbi tí ẹṣin ti ń rin 100 máìlì láàárín wákàtí 24, àwọn dókítà ẹranko máa ń yẹ ẹṣin wò lójú ọ̀nà, èyí tí ìlù ọkàn rẹ̀ kò bá sì tètè rọlẹ̀ kì í lọ síwájú mọ́. Ìkánjú ẹnìkan létí odò lè ba ìrìn ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹ́ jẹ́. Ó máa ń dùn mí.

Bí ẹ bá fẹ́ kọjá lára ẹnìkan, ẹ ké sí i láti ọ̀ọ́kán pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ gba ọwọ́ òsì yín kọjá,” kí ẹ sì dúró de ìdáhùn. Ẹṣin tí wọ́n so aṣọ pupa mọ́ nírù máa ń ta ìpá. Ẹ jìnnà sí ìdí rẹ̀. Bí ẹnìkan bá ṣubú, kí gbogbo ẹṣin dúró.

Àwọn àgbẹ̀ ló ni ọ̀nà tí à ń gbà. Àrùn tí eṣinṣin tsetse ń kó bá ẹṣin kò jẹ́ kí ẹṣin pọ̀ nínú igbó ìhà ọ̀dọ̀ wa láti ayébáyé, ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá arúgbó àti ọmọdé fi máa ń bẹ̀rù rẹ̀. Bí ẹ bá rí wọn, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ fa ẹṣin lọ́wọ́, ẹ kí wọn pé ẹ kú iṣẹ́ o. Bí ẹṣin bá sì yàgbẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kòkó tí wọ́n sá, ẹ kó o kúrò kí ẹ tó tún gùn ún.