Ibo ni òwú mi máa gbà?

Ilẹ̀ ti ṣú kí ọkọ̀ wa tó dé Geri Alimi n'Ílọrin. Kí n tó kúrò n'Íbàdàn ni mo ti fi fóònù yá ilé kékeré kan lẹ́yìn ìlú fún alẹ́ mẹ́ta. Wọ́n fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí mi, mo tẹ̀ ẹ́ sí ẹnu ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ṣí. Ilé náà mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n fẹ́ǹsì tó yí i ká ga jù mí lọ, wọ́n sì to àfọ́kù ìgò sórí rẹ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ni mi ò rí ẹni tí mo máa kí pé ẹ kú àárọ̀.

Ó ká mi lára, torí pé pínpín-lò ni wọ́n pe òwò fífi fóònù yá ilé fún àlejò yìí. Ní 2007, àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì ní San Francisco tẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí sínú ilé tí wọ́n háyà, wọ́n sì gba àlejò mẹ́ta tó sanwó. Ohun tó di Airbnb, ilé-iṣẹ́ tó ń so onílé pọ̀ mọ́ àlejò, nìyẹn. Ẹnu ọ̀nà kan náà ni onílé àti àlejò ń gbà nígbà náà. Èmi àti onílé tèmi ò mọ ojú ara wa.

Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ Ìlọrin mú mi lọ sí agboolé wọn. Yàrá ló yí gbàgede ká. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan wà níwájú gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó lè jáde láìgba iwájú ẹlòmíràn. Lábẹ́ àtíbàbà páànù, àwọn ahunṣọ márùn-ún jókòó ti òfì. Òwú tí wọ́n ta gba gbàgede kọjá. Òkúta ni wọ́n gbé lé ìdí rẹ̀ lọ́hùn-ún kó lè le. Bí aṣọ ṣe ń gùn ni òkúta ń wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo wò ó títí. Àwọn ọmọdé ń fo òwú náà láìfẹsẹ̀ kàn án.

Mo bi èyí tó dàgbà jù nínú wọn pé, "Bàbá, ta ló ni ilẹ̀ yìí gan-an?"

"Gbogbo wa ni. Bí mo bá mọ fẹ́ǹsì yí tèmi ká, ọmọ mi, ibo ni òwú mi máa gbà?"

A máa ń sọ pé ìwà ló ń jẹ́ kí ará agboolé ran ara wọn lọ́wọ́. Ìwà wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ gbàgede náà ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ọ̀kan dìde lọ ra òwú, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń lé ewúrẹ́ fún un. Kò sóhun tó dí i lójú.

A ya Ẹbu Dàda ní Òkèlélé, níbi tí àwọn ìyá ti ń mọ ìkòkò. Ojú iná kan náà ni wọ́n ti ń sun iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ẹ̀yin ayàwòrán ilé tó ń ṣe ẹ̀sìtéètì tuntun, mo bẹ̀ yín, ẹ fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ sí i. Ẹ gbẹ́ kànga síbi tí ilé mẹ́rin ti lè pàdé.

Nígbà tí a padà dé agboolé, ìyá ọ̀rẹ́ mi, Alhaja, ní yàrá kan ṣófo, ẹni tó ni ín wà l'Ékòó. Mo kó ẹrù mi wá. Wọn ò gbowó. Wàrà àti ṣúgà ni mo rà fún ilé. Kí n tó fọ ẹnu láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èèyàn mẹ́fà ti kí mi.