Láptọ́ọ̀pù Debian mi: íntánẹ́ẹ̀tì tó ń dúró gbagidi kó tó ṣí

Alẹ́ Furaidé

Mo ti fi Debian (irú Linux kan, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà) sí láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ yẹn tán, Wi-Fi ọ̀rẹ́ mi kan ní Òkè-Àró la lò, ilé tèmi ò ní ráútà, mọ́dẹ́ẹ̀mù USB onísíìmù ló wà lọ́wọ́ mi, torí náà mo kọ fáìlì pppd (ètò tó ń fi mọ́dẹ́ẹ̀mù pe nẹ́tíwọ́ọ̀kì) fúnra mi, tí mo bá ti tẹ àṣẹ pon báyìí á pe *99#, ìsopọ̀ tí wọ́n ń pè ní ppp0 á sì dìde. Ó ń pè dáadáa o. Ohun tó kàn ń bí mi nínú ni pé tí mo bá ní kó ṣí ojú ìwé kan, á dúró gbagidi bí ẹni tí ò gbọ́, lẹ́yìn náà á wá ya wọlé wàrà.

Àbúrò mi tó wà ní FUTA ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, kí n lọ pààrọ̀ síìmù. Mi ò gbà. Tó bá jẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, fọ́tò inú ojú ìwé náà ò ní yára jáde báyẹn, ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ló ń falẹ̀.

Àárọ̀ Sátidé, iná wà

ping 8.8.8.8 (ping ni àṣẹ tó ń wò bóyá kọ̀ǹpútà kan ń dáhùn, nọ́ńbà yẹn ti Google ni), èsì ń dé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. ping debian.org, kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọn lẹ́nu, ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Nọ́ńbà ń lọ, orúkọ ń falẹ̀, a jẹ́ pé DNS, ètò tó ń sọ orúkọ di nọ́ńbà, ló wà nídìí ẹ̀, torí kọ̀ǹpútà ò mọ ibi tí debian.org wà àfi tó bá kọ́kọ́ béèrè nọ́ńbà ẹ̀.

Mo wá fi tcpdump, ètò tó ń fi ohun tó ń kọjá lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì hàn, ṣọ́ ọ̀nà tí DNS ń gbà: sudo tcpdump -ni ppp0 port 53. Ẹ wo nǹkan! Ìbéèrè àkọ́kọ́ lọ bá 192.168.1.1, kò sẹ́ni tó dáhùn, nǹkan bíi sẹ́kọ́ńdù 5 kọjá, ìgbà yẹn ló tó lọ bá 8.8.8.8, ìyẹn sì dáhùn lójú ẹsẹ̀. 192.168.1.1 wo? Ráútà ọ̀rẹ́ mi ni jàre! Òun ni Debian kọ sínú /etc/resolv.conf, fáìlì tó ń sọ DNS tí kọ̀ǹpútà máa bi, lọ́jọ́ tí a ń fi í sí i, 8.8.8.8, DNS Google tí mo fi kún un, wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Àfi bíi kéèyàn máa kan ilẹ̀kùn ilé tí wọ́n ti kó kúrò. Kò sì ní kọ́gbọ́n, orúkọ tuntun yòówù kó jẹ́, láti òkè ló máa tún bẹ̀rẹ̀, sẹ́kọ́ńdù 5 sì ni glibc, apá Linux tó ń béèrè orúkọ, máa ń dúró téèyàn ò bá yí i padà. Ojú ìwé tó bá wá ń kó nǹkan láti sáìtì mẹ́rin márùn-ún ńkọ́?

Àwọn kan á ní kí n kọ options timeout:1 (kó máa dúró fún sẹ́kọ́ńdù kan péré) síbẹ̀. Ó máa yára díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ló dé tí màá fi máa dúró de òkú rárá? Mo yọ ìlà yẹn dànù, mo fi usepeerdns sínú fáìlì pppd kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa fún mi ní DNS tiẹ̀ tí mo bá ti pè. Mo tẹ poff láti já a, mo tún tẹ pon. Ó ń ṣí fìà.

Ọ̀sán, Sátidé náà ni

Ó tún ń falẹ̀, àmọ́ ìgbà tí apt (ètò tí Debian fi ń gba sọ́fítíwià) bá ń fa nǹkan wálẹ̀ nìkan. Àṣẹ dig, tó ń bi DNS ní orúkọ tó sì ń ka àsìkò tó gbà, ní Query time ju 1500 msec (sẹ́kọ́ńdù kan ààbọ̀) lọ. Èyí yàtọ̀ sí ti àárọ̀, kò sí DNS tó kú, láìnì ló kún, ìdáhùn kékeré yẹn ń tò sẹ́yìn páákẹ́ẹ̀tì ńláńlá tí apt ń kó.

Mo fi dnsmasq (DNS kékeré tó ń rántí ìdáhùn) àti resolvconf (ètò tó ń tún resolv.conf kọ) sí i. Àwọn méjèèjì mọwọ́ ara wọn, resolvconf á fi 127.0.0.1 (láptọ́ọ̀pù fúnra ẹ̀) sí resolv.conf, á sì fi DNS nẹ́tíwọ́ọ̀kì han dnsmasq lábẹ́lẹ̀. Orúkọ tó bá ti béèrè lẹ́ẹ̀kan, dnsmasq á fi pamọ́ títí TTL ẹ̀ (àsìkò tí ìdáhùn náà fi wúlò) á fi pé. Orúkọ 150 ló máa ń gbà, mo sọ ọ́ di cache-size=1000, RAM tó máa jẹ ò tó nǹkan. Mo tún dig orúkọ kan náà: 0 msec. Àbúrò mi ò sọ ti síìmù mọ́.

Mo tún rí i nínú tcpdump pé ẹ̀ẹ̀mejì ló ń béèrè orúkọ kọ̀ọ̀kan, A (fún nọ́ńbà IPv4) àti AAAA, AAAA yẹn fún IPv6, irú nọ́ńbà tuntun tí síìmù mi ò ní. Méjèèjì ló ń rí ìdáhùn gbà, mi ò fọwọ́ kàn án. Ká ní ọ̀kan ń sọnù ni, options single-request, tó ń jẹ́ kó béèrè wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ni ǹ bá gbìyànjú.

Èyí tó kù ni pé inú RAM ni dnsmasq ń kó gbogbo ẹ̀ sí, bátìrì láptọ́ọ̀pù yìí ò sì gbéṣẹ́, tí wọ́n bá ti mú iná lọ pẹ́rẹ́, ó ti gbàgbé gbogbo orúkọ nìyẹn. Mo ti rí ẹnì kan lọ́nà Ọjà Ọba tó ń pààrọ̀ inú bátìrì, iye tó ń pè ṣì ga, a ṣì ń ná an.