Alẹ́ Tí Èsúnsún Bá Mi Kun Mọ́tò

Mọ́tò mi ò burú. Ó kàn dà bí ẹni tí làpálàpá ń dà láàmú ni. Òòrùn Ìbàdàn ti jẹ ọ̀dà orí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ débi pé tí mo bá fọ̀ ọ́ láàárọ̀, díẹ̀ nínú rẹ̀ á bá kànìnkànìn lọ.

Pẹ́ńtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹkáníìkì mi yí i ká lẹ́ẹ̀kan, ó fi èékánná họ etí ilẹ̀kùn, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ mú ₦150,000 wá." Mo bi í pé ṣé mọ́tò míì ló fẹ́ tà fún mi ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Mo dúró, mo ń wò ó fún bíi wákàtí méjì. Ọwọ́ rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, jẹ́jẹ́, bíi ti ẹni tó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ọba. Mo ní kí ló wá le níbẹ̀? Èmi tí mo ti ń wo ìyàwó mi bó ṣe ń ro ọkà láti ọdún mọ́kànlá, tí èyí tí mo bá rò ṣì máa ń ní kókó, èmi náà ni mo rò pé wákàtí méjì tó láti kọ́ iṣẹ́ pẹ́ńtà.

Mo délé, mo ní mo fẹ́ lọ ra fílà ní Gate.

Ìyàwó mi ní, "Dádì Tọ́lá, fìlà wo tún ni? Mẹ́fà ló wà nínú àpótí, orí kan ṣoṣo sì lẹ ní."

Mo ṣàlàyé pé kì í ṣe ti orí, èyí tí wọ́n fi ń dí ojú ibi tí ara mọ́tò bá ti tẹ̀ wọnú ni, pé èmi fúnra mi ni mo fẹ́ kun ọkọ̀ náà. Ó wò mí, kò sọ nǹkan kan. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á mọ̀ pé ìgbà tí kò bá sọ̀rọ̀ gan-an ló yẹ kéèyàn bẹ̀rù.

Fílà yìí, bí ògì tó dì ló rí, àwọ̀ eérú. Wọ́n máa ń fi rọ́bà kékeré kan tì í, oògùn pupa ló wà nínú rẹ̀, òun ló ń jẹ́ kó gan. Bíńtín ni wọ́n ń fún sí i, kí gbogbo rẹ̀ ṣáà ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Lójú tèmi, kò pọ́n tó. Mo fún rọ́bà náà tán sínú rẹ̀ bí ẹni tó ń fún ọṣẹ ìfọyín. Mo ṣẹ́jú, mo bẹ̀rẹ̀ mú aṣọ ìnulẹ̀, kí n tó nàró, ó ti gan mọ́ inú abọ́ ike ìyàwó mi, ṣíbí sì dúró ṣánṣán láàárín rẹ̀ bí òpó iná. A fà á títí, kò yọ. Abọ́ àti ṣíbí náà wà lórí fìríìjì wa títí dòní. Àwọn ọmọ ní àmì ẹ̀yẹ Dádì ni.

Fílà kejì gbà. Sáńpépà 80 tó rí ṣákiṣàki ni mo kọ́kọ́ fi ha á, mo bọ́ sí 180, lẹ́yìn náà mo fi omi àti 400 tó kúnná jù wọ́n lọ ha gbogbo ara ọkọ̀ títí orí ìka mi fi bó. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Mo fi ìwé ìròyìn àtijọ́ bo gíláàsì àti táyà.

Ọ̀rọ̀ eruku ni mo wá fi ọgbọ́n ṣe, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ ka ọgbọ́n náà sí mi lọ́rùn dáadáa. Ọ̀tá ọ̀dà tútù ni eruku, nítorí náà mo ní mi ò ní kun mọ́tò nígbà ọyẹ́. Ọyẹ́ lọ tán. Igi àràbà kan wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì wa tó máa ń fọ́n òwú kiri àdúgbò lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, mo dúró títí òwú yẹn náà fi tán. Mo ta tápólì sórí òpó mẹ́rin. Mo bẹ Màmá Àgbà, ìyá lánlọ́ọ̀dù wa, kí wọ́n bá mi ti àwọn adìyẹ wọn mọ́lé. Gbogbo nǹkan tó lè fò nínú ọgbà yẹn, mo ti dínà fún un.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹta, òjò àkọ́kọ́ rọ̀. Ó fọ gbogbo eruku ojú ọ̀run wálẹ̀. Mo ní Olúwa ló bá mi dá sí i.

Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tí mo háyà, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú gọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń fọ́n ọ̀dà, iná ni ó ń lò, àwọn oníná ò sì mú un wá láti àárọ̀. Aago méje alẹ́ ku díẹ̀ ni wọ́n tó rántí wa. Mo so gílóòbù 200 watt kan rọ̀ sábẹ́ tápólì, ibẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ilé ìyàwó. Mo po ọ̀dà àti tíná tí wọ́n fi ń là á ní ọgbọọgba, mo jẹ́ kí ẹnu gọ́ọ̀nù jìnnà sí ara ọkọ̀ bí ìnà ìka ọwọ́ kan, mo bẹ̀rẹ̀ láti òkè wá. Mi ò parọ́, ó lẹ́wà. Búlúù tó jin bí aró Òṣogbo, ó tutù, ó ń dán, mo ń rí imú ara mi nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo pe ìyàwó mi síta. Ó wò ó, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́." Lẹ́nu rẹ̀, ìyẹn tó oríkì.

Mo ń fọ́n ìpele kejì lọ nígbà tí ọ̀kan bà sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Mo rò pé ẹ̀fọn ni. Mo fẹ́ fi ìka gbé e. Òmíì bà. Mo gbójú sókè sí gílóòbù, mi ò rí gílóòbù mọ́. Èsúnsún! Wọ́n ń tú jáde lẹ́bàá fẹ́ǹsì bí èéfín ẹnu ààrò. Òjò àkọ́kọ́, alẹ́, iná tó mọ́lẹ̀ kedere: ọmọ ọdún márùn-ún mọ nǹkan tó ń bọ̀. Èmi tí mo fi ọwọ́ mi kó èsúnsún ní kékeré, tí mo dín in, tí mo jẹ ẹ́, adìyẹ ni mo ń tì mọ́lé.

Ọ̀kan bà síwájú mi gan-an. Ẹsẹ̀ rẹ̀ há. Ó tiraka, ó bọ́ ìyẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ọ̀dà bí ẹni bọ́ agbádá sílẹ̀, ó wá ń fà á lọ lórí ọ̀dà tútù, ilà tín-ín-rín kan ń tẹ̀ lé e láti bọ́nẹ́ẹ̀tì dé ìdí gíláàsì. Bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ A.

Mo sáré lọ paná. Ariwo sọ lẹ́yìn mi: "Ẹ má paná o!" Mo yíjú padà. Gbogbo ọmọ àdúgbò ti dé, oníkálukú pẹ̀lú abọ́ omi tirẹ̀. Tọ́lá tèmi wà láàárín wọn. Màmá Àgbà ló síwájú, wọ́n gbé bàsíà lọ́wọ́, ojú wọn ń dán.

"Bàbá Tọ́lá, o ṣeun, o kú ìnáwó. Ọjọ́ ti pẹ́ tẹ́nì kan ti tanná fún wa báyìí."

Wọ́n gbé bàsíà lé orí búùtù mi. Wọ́n ń ṣa èsúnsún lára mọ́tò níkọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìka méjì, bí ẹni ń ṣa òkúta lára ìrẹsì.

Mo ní, "Màmá, ọ̀dà ni o!"

Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Màá fomi ṣàn án."

Kí ni kí n sọ? Ẹni tó bí lánlọ́ọ̀dù ni, owó ilé oṣù mẹ́ta sì wà lọ́rùn mi. Mo bá wọn di iná tọ́ọ̀ṣì mú.

Ilẹ̀ mọ́, mo wá rí i pé èsúnsún tiẹ̀ ṣàánú mi. Gbogbo ibi tí wọn ò bà sí ti funfun ràkọ̀ràkọ̀, bí ẹni fi ẹfun pa á lára. Mo wà á lọ sọ́dọ̀ pẹ́ńtà bẹ́ẹ̀. Ọlọ́pàá dá mi dúró lójú ọ̀nà, ó gba ìwé ọkọ̀, ó kà á, ó wo mọ́tò, ó tún ìwé kà.

"Ọ̀gá, àwọ̀ eérú ni wọ́n kọ síbí. Kí ni kí n pe èyí?"

Mo ní búlúù ni. Ó fi èékánná yọ ìyẹ́ kan lára ilẹ̀kùn, ó gbé e sókè sójú oòrùn, ó pe ẹnì kejì rẹ̀ kó wá wò ó. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n dá ìwé mi padà, wọ́n ní kí n lọ yí àwọ̀ inú rẹ̀ tí mo bá ti mọ èyí tó jẹ́.

Pẹ́ńtà ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra ara ọkọ̀ bí ẹni ń ra orí ọmọ tó ń ṣàìsàn. "Òjò rọ̀, ẹ wá fọ́n ọ̀dà lálẹ́ ọjọ́ náà? Tíná yára gbẹ, bó bá ṣe ń gbẹ ló ń mú kójú ọ̀dà tutù, omi inú afẹ́fẹ́ á wá bà sórí rẹ̀, á sọ ọ́ di funfun." Ó ní ₦200,000. Mo ní ṣebí ₦150,000 ló pè é tẹ́lẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ₦50,000 tó lé, òun fẹ́ fi ha iṣẹ́ ọwọ́ mi kúrò ni.

Mo san án. Mọ́tò ń dán báyìí. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti parí, àfi lọ́sẹ̀ tó kọjá tí ojú ọ̀run ṣú díẹ̀, tẹ́nì kan kan ilẹ̀kùn wa. Mo ṣí i. Màmá Àgbà ni, bàsíà ń bẹ lábẹ́ apá wọn.

"Bàbá Tọ́lá, òjò ń bọ̀ o. O ò ní kun mọ́tò lálẹ́ yìí?"