Aṣọ Ìtòkú àti Owó Epo Rọ̀bì

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tí ó kọjá, mo jókòó ti ẹ̀gbọ́n màmá mi ní ìsọ̀ wọn ní Ìtòkú, ọjà àdìrẹ ní Abẹ́òkúta, nígbà tí wọ́n tú bọ́ndù aṣọ funfun kan sílẹ̀. Àdìrẹ ni wọ́n ń ṣe, òun náà ni wọ́n ń tà, láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n ti ń wọn aṣọ náà ní ọ̀pá ní ọ̀pá, wọ́n fi ìka tí aró ti kùn láti èékánná dé oríkèé tọ́ka sí etí rẹ̀, níbi tí wọ́n tẹ àwọn lẹ́tà wínníwínní sí: ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti hun ún. Mo béèrè iye tí wọ́n rà á. Wọ́n ní, "Kí o tó bi mí ní iye aṣọ, kọ́kọ́ bi mí pé èló ni wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là lónìí."

Màmá, bí mo ti ń pe ẹ̀gbọ́n màmá mi yìí, kò fi ọwọ́ kan dọ́là rí, wọn kò sì dé ìlú tí wọ́n ti ń wa epo rí. Síbẹ̀, òwò epo rọ̀bì ni ó ń pinnu bóyá wọn yóò rí aṣọ rẹ lóṣù yìí tàbí wọn kò ní rí. Àwa Ẹ̀gbá a máa fi àdìrẹ yangàn pé iṣẹ́ ọwọ́ wa ni, bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ka ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Òkèèrè ni aṣọ funfun ti wá. Òkèèrè ni aró inú agolo àti sódà tí wọ́n ń dà sí i ti wá, nítorí àwọn tí ó ṣì ń gún ẹ̀lú bí àwọn ìyá ńlá wa ti ṣe kò pọ̀ mọ́. Ohun tí ó kù tí ó jẹ́ tiwa ni ẹ̀kọ láfún, ìyẹ́ adìẹ tí wọ́n fi ń kọ ọnà, okùn tí wọ́n fi ń dì í, omi, àti ọwọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe.

Epo ni a sì fi ń ra gbogbo ìyókù. Wọ́n rí epo ní Olóìbírì ní 1956, ọkọ̀ ojú omi gbé àkọ́kọ́ rẹ̀ lọ sí òkèèrè ní 1958, nígbà tí ó sì yá, ó gba ipò lọ́wọ́ kòkó, ẹ̀pà àti epo pupa, títí tí ó fi di pé láti inú rẹ̀ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó òkèèrè wa ti ń wọlé. Àwa kọ́ ni a ń dá iye lé e. Ní agbedeméjì 2014, àgbá kan lé ní 100 dọ́là. Nígbà tí ó fi di oṣù Kìíní 2016, ó ti já wálẹ̀ kọjá 30. Bánkì àpapọ̀ fi agídí di náírà mú ní bíi 197 sí dọ́là kan títí di oṣù Kẹfà ọdún náà, lọ́jọ́ tí wọ́n sì tú u sílẹ̀, ó fò kọjá 280. Inú ìròyìn nìkan ni ọ̀pọ̀ wa ti gbọ́ 197 yẹn, torí pé àwọn tí ń kó aṣọ wá fún Màmá láti Èkó ń ra dọ́là lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ní iye tí ó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ní oṣù Kẹfà 2023, ìjọba tún jọ̀wọ́ okùn, náírà tí ó wà ní bíi 460 sì ti kọjá 1,500 sí dọ́là kan nínú oṣù Kejì 2024. Nígbà náà ni ọ̀pá márùn-ún tí àwọn oníbàárà mọ̀ di mẹ́rin lọ́wọ́ àwọn kan ní Ìtòkú, kí owó rẹ̀ má baà dẹ́rù bà wọ́n. Kì í ṣe èrú. Ẹni tí ó bá béèrè, wọ́n ń sọ fún un.

Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí lè rò pé bí owó epo bá ti gòkè, ara ti tu aláṣọ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí dọ́là epo bá pọ̀, náírà a lágbára, ọjà òkèèrè a sì di olówó pọ́ọ́kú débi pé ẹni tí ń ṣe irú rẹ̀ nílé kò ní lè bá a díje. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé pe èyí ní àrùn ilẹ̀ Netherlands, nítorí ohun tí ó dé bá àwọn ilé iṣẹ́ ibẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n rí afẹ́fẹ́ gáàsì ní Groningen ní 1959. Tiwa ni mo rò pé ó le jù, nítorí a kó o pọ̀ mọ́ iná tí kì í dúró àti aṣọ fàyàwọ́. Ní 1957 ni ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ńlá àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná, tí àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e. Púpọ̀ nínú wọn ti di ilé òfo. Bí wọ́n bá ṣì ń ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ, ó ṣeé ṣe kí etí aṣọ Màmá máa ka Kàdúná.

Ohun tí ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, tí ó sì ń dùn mí, ni pé ìlú yìí ti rin ọ̀nà yìí rí kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ epo rọ̀bì. Ní àwọn ọdún 1850, àwọn míṣọ́nnárì àti oníṣòwò Manchester kan tí ń jẹ́ Thomas Clegg rọ àwọn Ẹ̀gbá láti máa gbin òwú fún títà, wọ́n sì kó ẹ̀rọ tí ń yọ kóró òwú wá sí Abẹ́òkúta. Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1861 mú kí òwú wọ́n, owó rẹ̀ sì gòkè. Nígbà tí ogun parí, owó náà wálẹ̀. Òwú lọ ní tútù, aṣọ funfun Manchester ni ó padà wá, òun sì ni àwọn ìyá wa fi ń ṣe àdìrẹ tí ó gbajúmọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Kódà, ní àwọn ọdún 1930, sódà àti aró òyìnbó dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn aláró àti Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá, tí ó fẹ́ kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀. Àwọn aláró kò gbà, mi ò sì lè dá wọn lẹ́bi, nítorí sódà ń ṣe iṣẹ́ tí omi eérú ń ṣe nínú aró, kò sì jẹ́ kí wọ́n dúró de eérú bí ti àtijọ́.

Ẹni tí ó bá ní kí a kàn máa ṣe ohun gbogbo nílé, kí ó wọ ọkọ̀ dé Ewékorò, kò jìnnà. Òkúta ẹfun ibẹ̀ ni wọ́n ti fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì láti nǹkan bí 1960, ṣùgbọ́n a ṣì ń kó púpọ̀ wọlé títí di ìgbà tí ìjọba Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ọmọ Òwu tiwa níbí, fi dandan lé e ní 2002 pé ẹni tí ó bá fẹ́ kó o wọlé gbọ́dọ̀ kọ́ ilé iṣẹ́ rẹ̀ síbí. Lónìí, a ń tà á fún àwọn aládùúgbò wa. Mo ka ìyẹn sí àṣeyọrí gidi. Síbẹ̀, nígbà tí náírà já ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, àpò kan lé ní 10,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ibi, nítorí dọ́là ni wọ́n fi ń ra ẹ̀rọ àti ẹ̀yà ara rẹ̀, dọ́là ni wọ́n sì fi ń ṣírò owó gáàsì. Níní ilé iṣẹ́ dára. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ọjà tí ń mú dọ́là wọlé bá jẹ́ ẹyọ kan, ìṣubú rẹ̀ yóò kan onísìmẹ́ǹtì àti aláró bákan náà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, Màmá rán mi lọ fi ẹrù ránṣẹ́ sí oníbàárà wọn kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìwé tí wọ́n ní kí n kọ ní àyè kan tí ó béèrè ibi tí wọ́n ti ṣe ọjà náà. Mo pe Màmá lórí fóònù.

"Abẹ́òkúta ni kí o kọ. Ìbéèrè wo nìyẹn?"

"Orílẹ̀-èdè ni wọ́n ń béèrè, mà."

"Kọ Ẹ̀gbá, nígbà náà," ni wọ́n wí, wọ́n sì pa fóònù.

Mo kọ Nàìjíríà. Kí n tó di ẹrù náà padà, mo na etí aṣọ tí ó wà lókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Aró ti bo àwọn lẹ́tà náà, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ṣeé kà.