Zākar: nígbà tí Bíbélì bá sọ pé Ọlọ́run rántí

Jẹ́nẹ́sísì 8:1 sọ pé Ọlọ́run rántí Nóà, bẹ́ẹ̀ Ọlọ́run yìí kan náà ni ó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ mọ́ ọn ní orí tí ó ṣáájú. Kò sí ẹni tí ó lè rò pé ó ti gbàgbé rẹ̀. Zākar ni ọ̀rọ̀-ìṣe Hébérù tí ó wà níbẹ̀, ohun tí ó sì tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀ ni ó túmọ̀ rẹ̀ fún wa: Ọlọ́run mú kí afẹ́fẹ́ fẹ́ kọjá lórí ilẹ̀, àwọn orísun ibú sé, òjò dá, omi tí ó ti gbilẹ̀ fún 150 ọjọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí fà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rántí Rákẹ́lì, tí ó sì ṣí i ní inú. Ó rántí Hánà, Hánà sì bí Sámúẹ́lì.

Ìtàn Jósẹ́fù ni ó mú kí ọ̀rọ̀ yìí yé mi jù lọ. Nínú ẹ̀wọ̀n, ó bẹ olórí agbọ́tí Fáráò pé kí ó rántí òun, kí ó sì dárúkọ òun fún ọba. Láti ara zākar ni Hébérù ti fa ọ̀rọ̀ méjèèjì yọ, nítorí pé rírántí tí Jósẹ́fù ń wá ni èyí tí yóò la ẹnu ọkùnrin náà níwájú Fáráò. Olórí agbọ́tí kò rántí rẹ̀. Ọdún méjì gbáko kọjá kí ó tó sọ pé òun mẹ́nu ba ẹ̀ṣẹ̀ òun lónìí, zākar náà sì tún ni, wọ́n sì yára mú Jósẹ́fù jáde kúrò nínú ihò túbú.

Nítorí náà, nígbà tí Olúwa ṣèlérí nínú Jeremáyà 31:34 pé òun kì yóò rántí ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ènìyàn òun mọ́, ẹ má jẹ́ kí a rò pé ìmọ̀ Ẹni tí ó mọ ohun gbogbo ti dín kù. Ohun tí ó ń sọ ni pé òun kì yóò fi ẹ̀ṣẹ̀ náà bá wọn lò. Kò tún ní gbé e dìde láti dá wọn lẹ́jọ́.

Èyí ni ó jẹ́ kí Sáàmù 25:7 ṣeyebíye lójú mi tó bẹ́ẹ̀. Nínú ẹsẹ kan ṣoṣo, onísáàmù bẹ Olúwa pé kí ó má ṣe rántí ẹ̀ṣẹ̀ ìgbà èwe òun, ó sì tún bẹ̀ ẹ́ pé kí ó rántí òun gẹ́gẹ́ bí àánú rẹ̀. Zākar ni ó lò nígbà méjèèjì, kò sì fi ìwà rere kankan ti ara rẹ̀ gbe ẹ̀bẹ̀ náà lẹ́sẹ̀.