Ẹ Má Fojú Wọn Ìdagẹ̀rẹ́ Ilẹ̀

Iṣẹ́ bíríkìlà ni mo ń ṣe ní Òṣogbo. Òkè-Fíà ni o, Òkè-Baálẹ̀ ni o, Òkè-Ayépé ni o, ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́ kì í wọ́n wa. Ohun tí mo sì ti rí lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni pé ẹ̀ẹ̀mejì ni ojú máa ń tan ẹni tó fẹ́ kọ́lé, lórí ilẹ̀ kan náà.

Bí mo bá bi oníbàárà pé báwo ni ilẹ̀ yìí ṣe dà tó, á ní, "Háà, ó dà gan-an, á tó dígírì 30." Bí mo bá tún bi í pé kóòṣì, ìyẹn ìlà búlọ́ọ̀kù, mélòó ló rò pé ìpìlẹ̀ máa gbà ní apá ìsàlẹ̀, á ní méjì, bó bá pọ̀ tán, mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò bára wọn mu rárá, kò sì ní fura.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ilé gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 60, tí ilẹ̀ sì ń lọ sísàlẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan nínú 12. Ìyẹn ò tíì tó dígírì 5. Ṣùgbọ́n láti igun òkè dé igun ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 5 ni ilẹ̀ ti fi sá lọ. Íǹṣì 9 ni búlọ́ọ̀kù kan ga, bí ẹ bá fi sìmẹ́ńtì tó wà láàárín kún un, ẹ pè é ní 10. Kóòṣì 6 gbáko nìyẹn, kí igun ìsàlẹ̀ tó bá ti òkè dọ́gba. Iyẹ̀pẹ̀ tí a ó dà sínú rẹ̀ tún wà níbẹ̀. Ibi tí owó máa ń gbà lọ nìyẹn, kì í ṣe páànù.

Ti dígírì yẹn kì í ṣe àṣìṣe ará Òṣogbo nìkan. Ní 1995, Dennis Proffitt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Virginia, ní Amẹ́ríkà, kó àwọn èèyàn lọ síwájú òkè kí wọ́n sọ bó ṣe dà tó. Òkè oní-dígírì 5, wọ́n pè é ní nǹkan bí 20. Èyí tó jẹ́ 10, wọ́n ní á tó 30. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ yí pákó kan títí á fi dà bíi ti òkè náà, láìwo ọwọ́ wọn, ọwọ́ sún mọ́ òótọ́ ju ẹnu lọ. Ní 1999, òun àti Mukul Bhalla ní ẹni tó bá gbé báàgì tó wúwo máa ń rí òkè bíi pé ó tún dà sí i. Frank Durgin, olùwádìí mìíràn, ò gbà. Ó ní ohun tí wọ́n rò pé olùwádìí fẹ́ gbọ́ ni àwọn tó gbé báàgì ń sọ. Ní 2009, òun àti àwọn tirẹ̀ sọ fún àwọn kan pé ẹ̀rọ tó ń wọn iṣan ẹsẹ̀ ló wà nínú báàgì náà, ìdagẹ̀rẹ́ ò sì yí padà lójú àwọn yẹn. Ti Durgin ni mo fara mọ́. Àwọn lébìrà mi tó ń ru yẹ̀pẹ̀ gòkè kì í sọ pé òkè ti ga sí i, owó ni wọ́n máa ń ní kí n fi kún.

Fẹ́ǹsì aládùúgbò tún wà o. Bí ẹni yẹn bá mọ ògiri rẹ̀ tẹ̀lé ìdagẹ̀rẹ́ ilẹ̀, ojú yín á gbé ògiri náà bí ohun tó tẹ́jú, á sì fi wọn ilẹ̀ yín. Ọ̀nà kan wà ní Scotland tí wọ́n ń pè ní Electric Brae, tó ń gòkè ní ẹsẹ̀ bàtà kan nínú 86, àmọ́ tí ẹni tó wà lórí rẹ̀ á búra pé ìsàlẹ̀ lòun ń lọ, nítorí bí ilẹ̀ tó yí i ká ṣe rí.

Bí ẹ bá fẹ́ wọn ìdagẹ̀rẹ́ ilẹ̀, rọ́bà funfun tó ń fi inú hàn ni kí ẹ rà, kó gùn ju ilé tí ẹ fẹ́ kọ́ lọ. Ẹ rọ omi sí i, kí ẹ sì lé gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, torí afẹ́fẹ́ díẹ̀ lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Omi máa ń dọ́gba ní ẹnu rọ́bà méjèèjì, nítorí náà ìyàtọ̀ tó wà láàárín bí omi ṣe ga sí ilẹ̀ lápá òkè àti nísàlẹ̀ ni iye tí ilẹ̀ fi sá lọ. Mo ṣe é fún ẹ̀gbọ́n kan tó ń bá mi jiyàn lórí kóòṣì méjì rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi di ẹnu rọ́bà kan mú lápá òkè, èmi àti ẹ̀gbọ́n di ìkejì mú nísàlẹ̀. Omi gbọ̀n díẹ̀, ó sì dúró. Lọ́dọ̀ ọmọ iṣẹ́, ẹsẹ̀ bàtà kan ló fi jìnnà sílẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ó bá fìlà ẹ̀gbọ́n dọ́gba. Wọ́n wo omi, wọ́n wo ẹsẹ̀ wọn.

"Bíríkìlà, ṣé kì í ṣe pé rọ́bà yín ti jò?"

Mo ní kí wọ́n lọ di ti òkè mú fúnra wọn. Ibì kan náà lomi dúró.

Kí ẹ tó sanwó fún ọmọ onílẹ̀ ni kí ẹ ṣe èyí o, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbẹ́ ìpìlẹ̀. Ẹ yọ owó iye kóòṣì tó bá jáde nínú owó tí ẹ fẹ́ fún un. Bó bá ní òun ò ráyè kí ẹ na rọ́bà, ẹ ní ẹ máa padà wá lọ́la.